Betta mi jẹ kòkòrò gbígbẹ, ikùn rẹ̀ wú. Ṣé kòkòrò náà ni àbí èmi?

Bíọ́lá_Súrùlérè | Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo ní betta pupa kan tí à ń pè ní Àdìsá. Ó ti lo oṣù mẹ́jọ lọ́dọ̀ mi nínú táǹkì lítà 20, òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì, oúnjẹ ẹja oníhóró, ni mo ń fún un tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ra bloodworm gbígbẹ, àwọn ìdin pupa tó wà nínú agolo kékeré yẹn. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí bí ẹja ṣe lè jẹ ẹ́ jù, pé ohun tí Ọlọ́run dá fún un láti jẹ nìyẹn. Àdìsá náà kúkú fẹ́ràn ẹ̀. Bó bá ti rí agolo lọ́wọ́ mi báyìí, ijó ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni mo ń fún un.

Láti ọjọ́ Ẹtì ni ikùn rẹ̀ ti yọ síwájú bí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù mì. Mi ò rí ìgbẹ́ rẹ̀. Bó bá ń lúwẹ̀ẹ́, á máa fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ti kà á níbì kan pé kòkòrò gbígbẹ máa ń wú nínú ikùn ẹja bí ìgbà tí èèyàn bá fi gààrí gbígbẹ panu tó wá mu omi lé e. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé mo ti pa ẹja mi ni?

Baba_Oscar | Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ọmọ mi, fara balẹ̀. O ò tíì pa á. Dìde báyìí, lọ wo ẹja yẹn láti òkè, kì í ṣe láti ẹ̀gbẹ́. Ṣé ìpẹ́ rẹ̀ dìde bí ẹ̀gún ara òòrẹ̀, àbí ó tẹ́jú? Bó bá dìde, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, omi ló ń dúró sí i lára, nǹkan inú rẹ̀ ti bàjẹ́, ṣàṣà sì ni ẹja tó ń bọ́ níbẹ̀. Bó bá tẹ́jú, àjẹjù ni. Ìbéèrè kejì: ẹyọ mélòó lò ń fún un lẹ́ẹ̀kan?

Bíọ́lá_Súrùlérè | Ọjọ́ Ajé, 9:51 alẹ́

Ẹ ṣé, bàbá. Ó tẹ́jú dáadáa, mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ní ti iye, mi ò kà á rí o. Ìka méjì ni mo fi ń bù ú. Nígbà mìíràn ọmọ mi ọkùnrin ló ń bá mi fún un, ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ẹ mọ bí ọmọdé ṣe ń bu nǹkan. Àmọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ni kátà ti mú òun náà, ojú ń yún un, kò jẹ́ kó gbádùn ẹja yẹn mọ́.

Baba_Oscar | Ọjọ́ Ajé, 10:15 alẹ́

Ìka méjì! Lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́! Fún betta kan ṣoṣo!

Jókòó kí n bá ẹ sọ̀rọ̀. Bloodworm tó bá wà láàyè, nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀, omi ni. Àwọn tó rọ ọ́ sínú agolo ti gba omi yẹn lára ẹ̀ pátápátá. Ohun tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ láàárín ìka rẹ méjì yẹn, dá omi rẹ̀ padà kí o wá wò ó. Ṣé o ti ra pọ̀nmọ́ gbígbẹ rí? Èyí tó o gbé bọ̀ láti ọjà kọ́ lo máa bá nínú ìkòkò lọ́jọ́ kejì. Àwa tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ máa ń sọ pé ikùn betta ò ju ẹyinjú rẹ̀ lọ. Wo ojú Àdìsá, kí o wá ronú ohun tí ìka méjì bù.

Má fún un ní ohunkóhun lónìí, lọ́la, lọ́túnla. Ebi ọjọ́ mẹ́ta ò ní pa á. Inú odò, ọjọ́ mélòó ló máa ń rí ẹran jẹ? Wo omi rẹ náà: bí oúnjẹ bá ṣẹ́kù sísàlẹ̀, fi rọ́bà fà á jáde, kí o pààrọ̀ ìdá mẹ́ta omi náà kan. Oúnjẹ tó jẹrà di amóníà, amóníà sì ń jó ẹ̀yà tí ẹja fi ń mí.

Táíwò_Àkúrẹ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:03 àárọ̀

Bàbá ti sọ òótọ́, mo fara mọ́ ọn pé kí ẹja náà gbààwẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gààrí yẹn ni mo fẹ́ bá jà, nítorí gbogbo ibi tí mo bá yà sí ni mo ti ń gbọ́ ọ.

Gààrí máa ń wú ju bó ṣe wà lọ nítorí pé sítáàṣì ni. Kòkòrò yìí kì í ṣe sítáàṣì. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ ọ́ di yìnyín gbagidi. Wọ́n á gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti tán níbẹ̀, yìnyín ara kòkòrò náà ò ní yọ́ mọ́, tààrà ló máa di èéfín omi tó sì máa fò lọ. Nítorí pé kò yọ́, ara kòkòrò náà ò wó, kò sún kì. Ìdí nìyẹn tó fi rí bó ṣe rí nígbà tó wà láàyè, tó kàn fúyẹ́. Ẹja tí a sá sóòrùn ò rí bẹ́ẹ̀, ṣe lòun máa ń hunjọ.

Mo dán an wò lánàá, torí ẹ̀yin náà. Mo ka ẹyọ mẹ́wàá, mo fi rúlà wọ̀n wọ́n, mo dà wọ́n sínú ife tí mo bu omi táǹkì sí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gígùn wọn ò kúrò níbi tó wà. Wọ́n kàn rọ̀, wọ́n sì sanra díẹ̀. Kò sí èyí tó di ìlọ́po méjì. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Àdìsá ni pé ó jẹun jù, kì í ṣe pé oúnjẹ bú gbàmù nínú ẹ̀.

Baba_Oscar | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀

Táíwò, o gbọ́n. Àmọ́ ṣé o wá ń sọ pé ká má rẹ ẹ́ mọ́ ni? Láti 1994 ni mo ti ń rẹ tèmi.

Táíwò_Àkúrẹ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:44 àárọ̀

Rárá o, bàbá. Ẹ máa rẹ ẹ́ lọ. Nítorí afẹ́fẹ́ nìkan ni mo ṣe ń rẹ tèmi. Ibi tí omi ti jáde lára ẹ̀, afẹ́fẹ́ ló rọ́pò ẹ̀, òun ló jẹ́ kó máa léfòó bí fóòmù. Ẹja tó bá ń já a gbà lójú omi á gbé afẹ́fẹ́ mì mọ́ ọn, pàápàá goldfish tó ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹ wo ọgbọ́n kan: ẹ wá sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́. Ẹ kó kòkòrò díẹ̀ sí i, ẹ fa omi táǹkì sí i, ẹ ti afẹ́fẹ́ òkè rẹ̀ jáde, ẹ wá fi ìka dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ fa ìdí rẹ̀ sẹ́yìn dáadáa. Ẹ máa rí i tí èéhó afẹ́fẹ́ ń jáde lára àwọn kòkòrò náà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, gbogbo wọn á rì. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

Baba_Oscar | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:52 àárọ̀

Sírínjì! Ọgbọ́n ò pin sọ́dọ̀ àgbà lóòótọ́. Màá dán an wò.

Délé_Peckham | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Èmi ò mọ ìdí tí ẹ fi ń dààmú ara yín lórí gbígbẹ. Ẹ ra èyí tó wà nínú yìnyín. Ó máa ń wà nínú páálí pẹlẹbẹ, wọ́n ti gé e sí ìgún-ìgún kéékèèké. Omi ara rẹ̀ ò kúrò, kò léfòó, ẹja sì fẹ́ràn ẹ̀ ju gbígbẹ lọ. Fíríísà lẹ máa kó o sí, ẹyọ kan lójúmọ́ fún táǹkì ńlá.

Àrọ̀_Fàámù | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:31 àárọ̀

Fíríísà wo? 😂

Bíọ́lá_Súrùlérè | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:05 ọ̀sán

Bọ̀dá Délé, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ní àdúgbò tèmi, iná lè lọ ní àárọ̀ kó má dé títí alẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹran tó wà nínú fíríísà gan-an, àdúrà là ń gbà lé e lórí.

Délé_Peckham | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:18 ọ̀sán

Ẹ má bínú. Mo ti pẹ́ lẹ́yìn odi, mo gbàgbé. Òótọ́ ni pé èyí tó bá ti yọ́ tó tún dì, kò yẹ kí ẹ fún ẹja mọ́. Kòkòrò ara ẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà kó tó tún dì, ojú ò sì lè fi mọ̀ ọ́n.

Baba_Oscar | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:40 ọ̀sán

Ìdí tí gbígbẹ fi wúlò fún wa níbí gan-an nìyẹn. Kò béèrè iná. Ohun tó ń bá a jà ní Èkó ni ọ̀rinrin. Ẹ má gbàgbé pé ohun tó gbẹ tó báyìí, òùngbẹ omi ló ń gbẹ ẹ́ nígbà gbogbo. Ní oṣù kẹfà sí ìkeje, tí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́, bí o bá gbàgbé láti dé agolo yẹn fún alẹ́ kan, ó ti fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ o máa rí i tó lẹ̀ mọ́ra, á máa rùn bí àkísà tó tutù, èbu á hù sí i. Dà á nù. Má rò pé oòrùn á tún un ṣe.

Mo máa ń kó èyí tí màá lò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sínú ìgò kékeré, màá sì fi òǹtẹ̀ dé agolo ńlá. Mo máa ń ju àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà sí i, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kí èèyàn má jẹ ẹ́. Ọwọ́ tútù ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Àwọn kan máa ń gbé tiwọn lé orí ìdérí táǹkì, ibi tí ooru omi ti ń bọ̀. Mo ti rí i lójú ara mi. Bíọ́lá, níbo lò ń gbé tìrẹ sí?

Bíọ́lá_Súrùlérè | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:02 ọ̀sán

...orí ìdérí táǹkì.

Ọmọ_Ifẹ̀_Campus | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:15 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, guppy mẹ́jọ ni mo ní àti ẹja aláwọ̀ yẹ́lò mẹ́ta tí wọ́n ní láti Màláwì ni. Ṣé èmi náà lè fún wọn ní kòkòrò yìí? Tubifex gbígbẹ, ekòló pupa tíntìntín, ni mo rí, ó dà bí kóró súgà, ó ní igun mẹ́rin.

Délé_Peckham | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:00 ìrọ̀lẹ́

Àbúrò, guppy àti ẹja Màláwì nínú táǹkì kan náà? Màá fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Kó wọn kúrò lọ́dọ̀ ara wọn.

Guppy lè jẹ ẹ́, ẹnu wọn ló kéré. Fi ìka rún un di lẹ́búlẹ́bú kí o tó wọ́n ọn, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ti tubifex oníkóró súgà yẹn, gé e kékeré, tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara gíláàsì nínú omi, á lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn ẹja á sì wá máa já a jẹ níbẹ̀. Ọmọdé máa ń fẹ́ràn láti wò ó.

Àwọn ẹja yẹ́lò yẹn, má fún wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹja tó ń gbé láàárín àpáta ní adágún Màláwì, ewédò tó hù lára òkúta ni wọ́n ń họ jẹ. Ìfun wọn gùn, nítorí ewé ló wà fún. Bí o bá ń fún wọn ní ẹran lójoojúmọ́, ikùn wọn á wú, wọn ò ní jẹun mọ́, wọ́n á kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àìsàn yẹn tiẹ̀ ti gba orúkọ adágún náà. Lóòótọ́, àwọn kan lára ẹja yẹ́lò ibẹ̀ máa ń jẹ kòkòrò, àmọ́ bí o ò bá mọ èyí tó jẹ́, má fún wọn rárá.

Kí n tiẹ̀ fi èyí kún un: kribensis ni mo ní báyìí, tọkọtaya. Odò gúúsù Nàìjíríà ni ìran wọn ti wá, èmi sì ń fi pọ́n-ùn rà wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù! Àwọn náà máa ń jẹ kòkòrò dáadáa, pàápàá bí mo bá fẹ́ kí wọ́n yé ẹyin. Ikùn abo á pupa bí osùn.

Àrọ̀_Fàámù | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:22 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ẹlẹ́ja gíláàsì, ẹ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹja àrọ̀ tèmi ní Ẹ̀pẹ́, bí mo bá da agolo yẹn sí i, òun àti agolo ni wọ́n máa gbé mì. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ìrírí tèmi kún un. Nígbà tí ọmọ àrọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa tán, tí ẹyin ara rẹ̀ bá sì ti tán, artemia là ń fún un, ẹyin kòkòrò omi iyọ̀ tó máa ń wá nínú agolo. Ẹyin yẹn gbẹ táútáú, ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, ẹ bù ú sínú omi iyọ̀ pẹ̀lú pọ́ǹpù afẹ́fẹ́, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti pa, ó ń rìn. Gbígbẹ rèé, ààyè sì rèé. Ẹja kéékèèké yín á fẹ́ràn ẹ̀ ju òkú kòkòrò lọ.

Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ̀ pé tubifex yẹn ń gbé nínú gọ́tà wa níbí? Ẹrẹ̀ dúdú ìsàlẹ̀ gọ́tà, ẹ máa rí i tí ó ń jì bí irun pupa. Kí lẹ wá ń fi owó ra tòkè òkun sí?

Baba_Oscar | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má dán an wò o! Mo ti ṣe é nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Mo lọ sí gọ́tà, mo wa ẹrẹ̀, mo fọ kòkòrò yẹn fún ọjọ́ mẹ́rin, mo ń pààrọ̀ omi. Oscar mẹ́ta tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tó ń gbé inú ìgbẹ́ àti epo mọ́tò, ìgbẹ́ àti epo mọ́tò ló wà nínú ikùn ẹ̀. Ibi tí gbígbẹ inú agolo ti sàn ju ààyè inú gọ́tà lọ nìyẹn, ó kéré tán wọn ò kó o ní Mushin.

Labalábá_Omi | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:10 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ láti Ìbàdàn. Ẹ gbàgbé tanwíjí ni? Ọ̀fẹ́ ni! Mo ní bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lẹ́yìnkùlé, mo fi ewé díẹ̀ sínú omi, láàárín ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin ó ti kún fún tanwíjí. Fi asẹ́ kó o, ṣàn án, dà á fún betta. Kòkòrò ojú omi gan-an ni betta ń jẹ nínú oko ìrẹsì Táílàńdì tí wọ́n ti kó o wá.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:33 alẹ́

Labalábá, ìwọ ni o ń fún àdúgbò rẹ ní ibà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹyin ẹ̀fọn ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Bí o bá rin ìrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ kan ńkọ́?

Labalábá_Omi | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:41 alẹ́

Àǹtí, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni mò ń da omi náà nù sórí ilẹ̀ gbígbẹ, mo sì ń fi nẹ́ẹ̀tì bò ó láti ọjọ́ kejì. Àmọ́ mo gbọ́. Bí mo bá fẹ́ rìnrìn àjò, màá da gbogbo ẹ̀ nù, màá sì dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì dé.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:05 alẹ́

Ó dáa. Bíọ́lá ni mo wá bá sọ̀rọ̀ gan-an. Mi ò ní ẹja kankan o, ọkọ mi ló ní i níbí ní Houston, òun ló fi ìjíròrò yìí hàn mí. Mo ka ohun tí o kọ lọ́jọ́ Ajé lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo yín ẹ fò ó kọjá. O ní ọmọ rẹ ń bá ọ bu kòkòrò yẹn. O tún ní láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ni kátà ti mú un tí ojú sì ń yún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì ni agolo ti wọlé. Ṣé o rí i?

Bloodworm kì í ṣe ekòló. Ọmọ kòkòrò kan tó jọ ẹ̀fọn ni, àmọ́ òun kì í jẹni. Ohun tó sọ ọ́ di pupa ni hemoglobin, irú èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa, ó fi ń dọ́gbọ́n mí nínú ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ò pọ̀. Hemoglobin tiẹ̀ yẹn ni ara àwọn èèyàn kan ò gbà. Imú á máa ṣe wọ́n, ojú á máa yún wọn, ara á sú wọn, àwọn mìíràn á máa mí pẹ̀lú ìnira. Ó ti ń bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ ẹja, ó sì ń bá àwọn tó ń sin ẹja nílé. Ní Súdàánì, lẹ́bàá odò Náílì, kòkòrò tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ máa ń jáde lọ́pọ̀ yanturu ní àsìkò kan, nimitti ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, àwọn èèyàn á sì máa wú kọ́ nítorí rẹ̀.

Gbígbẹ ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí eruku. Èyí tó wà nínú omi tàbí yìnyín ò lè fò wọ imú. Gbígbẹ, bí o bá ti ṣí ìdérí báyìí, ó ti gbéra. Kí ọmọ yẹn má fọwọ́ kàn án mọ́, kó má sì dúró tì ọ́ bí o bá ń ṣí i. Gbé e lọ rí dókítà, kí o sọ fún un pé bloodworm wà nílé. Bí o ò bá sọ, kò ní ronú kàn án. Bí àyà bá ń dún fùú-fùú bó bá ń mí, má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Bíọ́lá_Súrùlérè | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:20 alẹ́

Jésù. Mo ti ra oògùn kátà oríṣi méjì fún ọmọ yìí.

Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ti gbé agolo náà síta sí bálíkónì nísinsìnyí. Àyà rẹ̀ ò dún o, mo ti fetí sí i.

Baba_Oscar | Ọjọ́rú, 6:15 àárọ̀

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń bu nǹkan yìí. Ìyàwó mi ti ń sọ fún mi tipẹ́ pé bí mo bá ti ń tọ́jú ẹja ni mo ń sín, èmi ń sọ pé ọyẹ́ ni. Nọ́ọ̀sì, o ti dá ìjà sílẹ̀ nílé mi.

Bíọ́lá_Súrùlérè | Ọjọ́rú, 7:00 alẹ́

Ìròyìn Àdìsá: kò tíì yàgbẹ́. Ikùn rẹ̀ sì wà bó ṣe wà. Ó ń wo ọwọ́ mi bí ẹni tí mo jẹ lówó. Ẹnì kan ní kí n fún un ní ẹ̀wà tútù, pé ó máa ń fọ ikùn.

Táíwò_Àkúrẹ́ | Ọjọ́rú, 7:25 alẹ́

Ẹ̀wà tútù tí a sè, tí a bó èèpo rẹ̀, goldfish ni wọ́n ń fún, nítorí goldfish máa ń jẹ ewé. Betta ò mọ ohun tí yóò fi ẹ̀wà ṣe, ẹran nìkan ló wà fún. Iyọ̀ Epsom ni kí o wá ní kẹ́míìsì, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o. Ṣíbí tíì kan fún lítà 20 tìrẹ yẹn, pò ó nínú ife omi táǹkì títí yóò fi yọ́ tán, kí o rọra dà á sí i díẹ̀díẹ̀. Bó bá yàgbẹ́ tán, nígbà tí o bá ń pààrọ̀ omi, iyọ̀ náà á máa dínkù lọ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bí o bá rí daphnia, kòkòrò omi tíntìntín yẹn, òun ni kí o kọ́kọ́ fún un. Èèpo rẹ̀ kì í dà nínú ikùn, á gbá ìfun mọ́.

Bíọ́lá_Súrùlérè | Ọjọ́ Ẹtì, 6:48 àárọ̀

Ó TI YÀGBẸ́! Gígùn, pupa rúsúrúsú. Mo pe ọkọ mi kó wá wò ó, ó ní ṣé orí mi pé.

Ó ti ń lúwẹ̀ẹ́ tààrà. Ikùn ò tíì lọ sílẹ̀ tán, àmọ́ ó ti wálẹ̀.

Baba_Oscar | Ọjọ́ Ẹtì, 7:02 àárọ̀

A dúpẹ́. Fi ọjọ́ kan sí i kí o tó fún un ní pẹ́lẹ́ẹ̀tì méjì, kí o wò ó. Láti ìsinsìnyí lọ, pẹ́lẹ́ẹ̀tì ni oúnjẹ, kòkòrò gbígbẹ ni àdídùn. Ṣé ọmọ rẹ lè jẹ pọ́fùpọ́ọ̀fù láàárọ̀ lọ́sàn-án lálẹ́? Ẹyọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí o ti rẹ, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí o sì fi ọjọ́ kan sílẹ̀ tí kò ní jẹ nǹkan kan.

Bíọ́lá_Súrùlérè | Ọjọ́ Ẹtì, 8:30 alẹ́

Bàbá, mi ò fẹ́ rí i mọ́ nínú ilé mi rárá. Dókítà rí ọmọ náà lónìí. Nígbà tí mo dárúkọ kòkòrò, ó ní kí n tún un sọ, ó wá kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí agolo ti jáde, ọmọ náà ti ń sùn dáadáa, kò fi ọwọ́ nu ojú mọ́. A máa padà lọ ní oṣù tó ń bọ̀. Agolo yẹn ṣì ju ìdajì lọ, ó ṣì gbẹ, mo yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ìbòmú. Ta ló fẹ́ ẹ?

Labalábá_Omi | Ọjọ́ Ẹtì, 8:33 alẹ́

Èmi! Ẹja labalábá ni mo ní, ìdí tí mo fi ń jẹ́ orúkọ yìí nìyẹn. Ojú omi nìkan ló ń gbé, kò ní wolẹ̀ láti mú ohunkóhun. Ohun tó ń léfòó gan-an ló fẹ́, èmi ò nílò sírínjì Táíwò. Àǹtí nọ́ọ̀sì náà á sì sinmi lórí ọ̀rọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Bíọ́lá_Súrùlérè | Ọjọ́ Ẹtì, 8:40 alẹ́

Màá fi mọ́tò ránṣẹ́ láti Ọjọ́tà lọ́la. Ìwó Róòdù ni o ti máa gbà á. Ìwọ ni kí o sanwó mọ́tò.

Labalábá_Omi | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:17 ìrọ̀lẹ́

Ó dé. Bíọ́lá, kí lo fi téèpù yí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sí, ṣé ejò ló wà nínú ẹ̀ ni? Ọ̀bẹ ni mo fi ṣí i, níta, mo dúró sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lọ síwájú mi, nítorí eruku tí nọ́ọ̀sì sọ. Ẹyọ mẹ́rin ni mo kà. Wọn ò tíì fẹ̀gbẹ́ kan omi tán kó tó gbé wọn.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́ | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Labalábá_Omi | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:52 ìrọ̀lẹ́

Mo ti dojú ẹ̀ dé, mà.